Láti Orí Kora dé Orí Duduk

Duduk ni mo gbọ́ lónìí, mi ò sì tíì kúrò nídìí rẹ̀. Fèrè onígi àwọn ará Armenia ni; igi apricot ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Ohùn rẹ̀ kún, ó rọ̀, ó sì wálẹ̀ débi pé mo kọ́kọ́ pè é ní ohùn ènìyàn. Orí rédíò íntánẹ́ẹ̀tì ló ti jáde sí mi, irú èyí tó máa ń wo ohun tí olúkúlùkù fẹ́ràn kó tó yan orin fún un. Orin kora, ohun èlò orin olókùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni mo fi dá ìkànnì mi sílẹ̀ níbẹ̀ kó lè máa wá irú rẹ̀ fún mi, kora náà ni mo sì ń retí.

Kí ló wá pa kora àti duduk pọ̀? Okùn 21 ló wà lára kora, igbá tí wọ́n fi awọ bò ló gbé e ró, ìka ni wọ́n fi ń ta á. Ẹnu ni wọ́n fi ń fun duduk. Mo dẹ etí dáadáa kí n tó rí i. Ẹni tó ń ta kora sábà máa ń fi àtàǹpàkò tún ìlà kan náà ta nísàlẹ̀, tí orin á sì máa rìn kiri lókè. Duduk náà, méjì-méjì ni wọ́n sábà ń fun ún: ọ̀kan ń gbé orin, èkejì mú ohùn kan ṣoṣo dání lábẹ́ rẹ̀, kò jẹ́ kó já. Nǹkan kan dúró, nǹkan kan ń rìn. Ohun tó ń fà mí sí kora látẹ̀yìnwá nìyẹn!

Ọ̀nà méjì ni irú rédíò yìí máa ń gbà mọ orin tó yẹ ẹni. Rédíò Last.fm, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 tí wọ́n sì pa tì ní 2014, máa ń wo àwọn olùgbọ́ nígbà náà: bí àwọn tó fẹ́ràn tibí bá fẹ́ràn tọ̀hún, á gbé tọ̀hún wá fún ọ. Ti Pandora, tó dé ní 2005, yàtọ̀. Àwọn tó mọ orin dunjú ló ń jókòó ti orin kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń yẹ ohùn, ìlù àti ìrìn rẹ̀ wò, títí dé nǹkan bí 450 àbùdá. Ọ̀nà kejì yìí wù mí jù, nítorí orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ lè tipasẹ̀ rẹ̀ dé etí mi.

Mi ò kì í tètè tẹ àmì “mo fẹ́ ẹ” tàbí “mi ò fẹ́”. Orin tí a ti mọ̀ ló máa ń yá wa lára láti tẹ “mo fẹ́ ẹ” fún, bẹ́ẹ̀ ni ìkànnì ṣe ń fún mọ́ra títí á fi di orin àná nìkan. Ó yẹ kí àlejò orin rí àyè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lálẹ́ yìí mo fi duduk dá ìkànnì mìíràn sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mú àwọn ọkùnrin kan wá láti orílẹ̀-èdè Georgia, aládùúgbò Armenia, láìsí ohun èlò orin kankan: méjì ń dá orin lókè, àwọn yòókù di ohùn kan mú nísàlẹ̀. Mo ti kọ orúkọ ẹgbẹ́ akọrin náà sílẹ̀. Àwọn ni màá fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la.