Ẹ kọ́kọ́ to ọjọ́ gígé kẹ́ ẹ tó ra ẹ́njìnnì ìfúnrèké

Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan fẹ́ dáwó jọ ra ẹ́njìnnì ìfúnrèké bíi tiwa l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, gbogbo ohun tí wọ́n ń bi mí ò ju èló ni wọ́n ń tà á, ṣé dísù ẹ̀ ò pọ̀ jù. Ẹ gbọ́ ná, ẹ́njìnnì kọ́ ni wàhálà. Èmi ni mò ń di ìwé ìwọ̀n mú nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ohun tójú mi rí ni pé ọjọ́ tí wọ́n gé ìrèké ló ń ba ṣúgà jẹ́.

Ìrèké kì í ṣe iṣu tẹ́ ẹ lè wà kẹ́ ẹ gbé sílé. Bẹ́ ẹ ṣe gé e tán báyìí ni adùn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, tó bá wá di ọjọ́ 3 nínú oòrùn wa yìí, ẹ se omi ẹ̀ títí ilẹ̀ á ṣú, á kàn máa fà ni, kò ní di oníhóró dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá, tọ́nù 10 ìrèké ni wọ́n máa fi rí nǹkan bíi tọ́nù 1 ṣúgà, ẹ́njìnnì kékeré tiwa ò sì lè fún omi ẹ̀ tán, ṣé ẹ rí i pé kò sí èyí tá a fẹ́ fi ṣòfò níbẹ̀.

Torí ẹ̀ la ṣe kọ orúkọ sára pátákó, ẹni tó kàn lọ́la ló máa gé lónìí. Ní Maharashtra ní Íńdíà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ní ilé ìfúnrèké tiwọn láti nǹkan bí 1950, ilé iṣẹ́ gan-an ló ń to bí wọ́n ṣe máa gé ti kálukú.

Ìjà máa wà o! Bàbá kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ dédé kó ìrèké wá láàárọ̀ kùtù, wọ́n ní àwọn nílò owó kíá. Ti ìyá kan tó ń dáko ní àkùrọ̀ ti wà nílẹ̀ látàná. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ti Ìyá ló kàn." Wọ́n ní, "Èmi lò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún?" Mo ní, "Èmi kọ́ sà, pátákó ni." Wọn ò dáhùn kíkí mi fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ti Ìyá la kọ́kọ́ fún.

Ẹ má sì fi ìwọ̀n nìkan sanwó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á kó ewé àti orí ìrèké mọ́ ọn, ẹlòmíì á tiẹ̀ gé èyí tí ò tíì gbó wá. Ẹ ra refractometer, ìyẹn ohun èlò kékeré tí wọ́n fi ń wo bí omi ìrèké ṣe dùn tó, ẹ kán omi ìrèké díẹ̀ sójú gíláàsì ẹ̀, ẹ gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà. Tiwa, tí ò bá ti tó 18, kó ṣì wà lóko. Kí wọ́n sì gé e mọ́lẹ̀ dáadáa, ìdí ẹ̀ ló dùn jù, ẹni tó bá ti jẹ ìrèké rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Háhá tó bá kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fún un tán, ẹ sá a kó gbẹ, òun lẹ máa fi dáná.

Síkéèlì ńkọ́? Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kí ẹni tó nìrèké fojú ara ẹ̀ ka iye tó wọ̀n kí n tó kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ò bá mọ̀wé kà máa ń mú ọmọ ẹ̀ dání wá, a ò sì bínú sí i.