Owó Ìlọrin ni mo san, báípáàsì ni wọ́n gbé mi gbà

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bi dírẹ́bà léèrè ibi tí ìrìnàjò tirẹ̀ parí sí. Ẹ má wulẹ̀ bi í bóyá ó ń dé Ìlọrin, nítorí kò sí èyí tí kò ní dáhùn pé òun ń débẹ̀. Bó bá jẹ́ Jẹ́bà tàbí Mọ́kwá, tó wà kọjá Ìlọrin, ló ń lọ, kò ní fẹsẹ̀ kan ìgboro rárá. Ẹyẹ́ńkọrin ni yóò ti yà sórí báípáàsì, ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ìlú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanwó Ìlọrin yóò sì bá ara yín nínú igbó Àsá.

Ohun tí wọ́n fi ojú mi rí nìyẹn nígbà tí mò ń lọ síbi yìgì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ní garéèjì, agbèrò ń pariwo "Ìlọrin! Ìlọrin! Ó ku ẹnì kan!" títí ohùn rẹ̀ fi há. ₦7,000 ni mo san, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ Mọ́kwá sí mi létí.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà dá yín dúró. Apá mẹ́ta ni wọ́n pín iṣẹ́ ọ̀nà alápá méjì Ìbàdàn sí Ìlọrin sí. Ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ parí, ti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin náà parí tipẹ́, ti àárín, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ló falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, ara yóò tù yín, ẹ tiẹ̀ lè sùn. Èmi sùn. Igbe màmá kan tó jókòó lẹ́yìn mi ló jí mi.

"Dírẹ́bà, ibo lò ń gbé wa lọ? Ọ̀nà ìgboro kọ́ lèyí o!"

A ti dé Ẹyẹ́ńkọrin, ọkọ̀ ti yà kúrò lójú ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ó ti bọ́ sórí báípáàsì. Dírẹ́bà ní ká fara balẹ̀, òun máa já wa sí Oko-Olówó, Oko-Olówó náà Ìlọrin ni. Ó ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìgboro ń jẹ epo, àwọn èrò Mọ́kwá sì fẹ́ délé kílẹ̀ tó ṣú.

"Ìwọ ọmọ yìí," màmá dá a lóhùn, "àpò gàrí méjì ni mo gbé dání. Ta ni yóò bá mi rù ú láti Oko-Olówó dé Ọjà Ọba?"

Kò fèsì. Ńṣe ló tẹ iná mọ́tò. Àwọn tó ń lọ Mọ́kwá ń gbè é lẹ́yìn, àwa tó ń lọ Ìlọrin ń bú u, ọmọ ọwọ́ kan ń ké.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀nà náà fún ẹni tí kò gbà á rí. Ẹyẹ́ńkọrin wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àsá, lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, kéèyàn tó dé pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Ọ̀kan wọ ìgboro lọ sí Gẹ̀rí Àlímì, èkejì gba ẹ̀yìn ìlú yípo títí dé Oko-Olówó, ó sì bá ọ̀nà Olóòrù, Bódè Sáàdú àti Jẹ́bà pàdé níbẹ̀. Tírélà, táńkà epo àti ọkọ̀ màlúù ló pọ̀ jù lórí rẹ̀. Wọn ò là á fún ẹni tó gbé àpò gàrí lọ sí Ọjà Ọba.

Ariwo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn bẹ́, gbàù! Ọkọ̀ rá bàbà, ó dúró létí igbó. Wọ́n fa táyà ìpamọ́ jáde, atẹ́gùn ò sí nínú ẹ̀ rárá, wáyà ti yọ lára rẹ̀. Mo bínú sí èyí ju yíyà tó yà lọ. Ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Mọ́kwá, tí kò ní táyà ìpamọ́ tó ṣeé lò! Ẹ̀mí èèyàn ló kó sínú ọkọ̀ yẹn. Ó tún wá ní ká dá ₦1,000, ₦1,000 jọ kí òun fi ọ̀kadà gbé táyà lọ bá fọkanáísà, pé òun á san án padà ní Mọ́kwá. Èmi tí mi ò dé Mọ́kwá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀. Nígbà tó yá, ó rí owó náà nínú àpò ara rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ.

Oòrùn mú. Ìgbàkigbà tí tírélà bá kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á mi bọ́ọ̀sì wa, iyanrìn á kún wa lójú. Ibi tí inú mi ti yọ́ díẹ̀ ni ìgbà tí obìnrin Fúlàní kan já láti inú igbó, igbá ńlá lórí rẹ̀, ó ń fi Yorùbá tó dán ju tèmi lọ kí wa kú ìdúró. Wàrà ló ń tà. Ó ní funfun, tó ṣì wà nínú omi rẹ̀, ó sì ní díndín, tí wọ́n fi ata àti àlùbọ́sà dín. Mo ti ń jẹ wàrà láti kékeré, ṣùgbọ́n mi ò bá ẹni tó ń ṣe é sọ̀rọ̀ rí. Ó ní àwọn á gbé wàrà màlúù kaná díẹ̀díẹ̀, wọ́n á gún ewé bomubomu, wọ́n á fi omi ewé náà sí i, kó má pọ̀ jù kó má baà korò. Bó bá ti dì, wọ́n á bù ú sínú agbọ̀n kékeré kí omi rẹ̀ ro dànù, agbọ̀n náà ló ń jẹ́ kí ara rẹ̀ ní ilà-ilà. Èyí tó pupa, poroporo ọkà bàbà ni wọ́n fi sè é, ó sì ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó bàjẹ́. Mo jẹ díndín. Ó gbóná, ó ń dún ṣìn-ìn léyín, inú rẹ̀ rọ̀. ₦200 ni ọ̀kan, kò sì gbówó lé e torí pé ó rí wa nínú ìṣòro. Nínú gbogbo ẹni tó gbowó lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, òun nìkan ló gba iye tó tọ́ sí i.

Bàbá kan tó ń lọ Bódè Sáàdú bá mi jẹ níbẹ̀. Ó ti wa tírélà àlùbọ́sà láti Sókótó lọ sí Èkó rí. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń ṣépè fún báípáàsì, ó mi orí.

"Ọmọ mi, má bú ọ̀nà. Inú ìgboro Ìlọrin la máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Bí mọ́tò kan bá kú níwájú, gbogbo wa dúró. Bí ọjà bá kún, a dúró. Àlùbọ́sà tó ti ń jẹ ooru bọ̀ láti Sókótó á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Dírẹ́bà yìí ni kó o bú."

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá ń ti ìhà ibí lọ sí Òkè Ọya, Jẹ́bà ló ti máa sọdá odò, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀nà fi ń wọ́ jọ sí Ìlọrin látayébáyé. Ọdún 1908 ni ojú irin láti Èkó dé Ìlọrin, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Ọ̀nà mọ́tò náà tọ ìhà kan náà lọ. Nígbà tí Ìlọrin wá di olú ìlú ìpínlẹ̀ ní 1967, ilé ń pọ̀, èèyàn ń pọ̀, kò ṣeé ṣe mọ́ kí tírélà Sókótó àti ọmọ ilé ìwé jọ máa gba ojú títì kan náà. Lóṣù kẹfà ọdún 2017 tí omi gbé afárá Tatabu lọ nítòsí Mọ́kwá, ọ̀nà Jẹ́bà dí pátápátá. Ẹ wo bí ìyẹn ì bá ti rí fún Ìlọrin ká ní ìgboro nìkan ni tírélà ń gbà. Mo gbà fún bàbá. Ọ̀nà náà ò ṣẹ̀ mí.

Táyà dé, a gbéra, wọ́n já wa sí Oko-Olówó. Kòròpé tó wà níbẹ̀ rí àpò gàrí màmá àti báàgì mi, ó ní ₦3,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo mi orí. Ọmọdékùnrin kan tó gbé ìwé dání rọra sọ fún mi pé, "Àǹtí, ₦500 la máa ń wọ̀ ọ́, ẹ má dá a lóhùn." Mo dúró tì í títí ọkọ̀ mìíràn fi dé, a jọ wọ̀ ọ́, màmá san ₦500 tirẹ̀ àti ₦1,000 lórí ẹrù. Wọ́n ti parí wòlímà kí n tó débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò sì fi ojú rere wò mí títí di ọjọ́ kejì.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ àwọn aláṣẹ ò pọ̀. Ẹ ṣe garéèjì gidi sí Ẹyẹ́ńkọrin àti sí Oko-Olówó, ẹ kọ iye owó ọkọ̀ sára pátákó kó hàn kedere, kẹ́ ẹ sì fi dandan lé e pé ọkọ̀ tó bá gba owó Ìlọrin gbọ́dọ̀ wọ Ìlọrin. Ẹ̀yin èrò, bí dírẹ́bà bá ní báípáàsì lòun ń gbà, ẹ sọ pé kó já yín sí Ẹyẹ́ńkọrin kó tó yà, nítorí ọkọ̀ ìgboro pọ̀ níbẹ̀ ju Oko-Olówó lọ. Kí ẹ sì gba ṣéńjì yín kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.