Ọwọ́ Ta Lẹrù Wà? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Fífi Aṣọ Òkè Ránṣẹ́

Aṣọ òkè ni mo ń tà. Ìṣẹ́yìn làwọn ahunṣọ mi wà, àmọ́ àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi fọ́n káàkiri: Èkó, Àbújá, Ìlọrin, Lọ́ńdọ̀nù, Houston. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹrù mi kì í wà lójú ọ̀nà. Mo ti rí èyí tó sọnù pátápátá, mo ti rí èyí tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣègbéyàwó tán, mo sì ti rí èyí tí wọ́n láwọn ti fi jíṣẹ́ nígbà tí ẹni tó ni ín jókòó sílé látàárọ̀ tí kò rí ẹnikẹ́ni. Ó máa ń dùn mí wọra bí wọ́n bá ní kí n fara balẹ̀, pé aṣọ lásán ni. Aṣọ tí wọ́n fọwọ́ hun, tí wọ́n ṣa àwọ̀ òwú rẹ̀ kó lè bá gèlè ìyá ìyàwó mu, ẹnikẹ́ni ò lè sáré lọ ra irú ẹ̀ lọ́jà lọ́jọ́ Ẹtì nígbà tí ìnáwó bá jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ohun tí mo ti wá mọ̀ ni pé ẹrù kì í sábà sọnù lójú títì. Ibi tẹ́nì kan ti ń gbé e lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ló ti ń sọnù. Ẹ wo bí ọwọ́ ṣe pọ̀ tó láàárín Ìṣẹ́yìn àti ilé kan ní Ìkòròdú. Ahunṣọ á gbé e fún ọmọ tó ń lọ sí gáréèjì. Ọmọ yẹn á gbé e fún awakọ̀ Ìbàdàn. Tó bá dé Ìbàdàn, ọkọ̀ Èkó á gbà á. L'Ékòó, ẹni tó ń gba ẹrù sílẹ̀ ní gáréèjì á tì í sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ọlọ́kadà dispatch á wá gbé e níbẹ̀, mẹ́gáàdì á gbà á lẹ́nu géètì, kó tó wá kan ẹni tó ni ín. Bí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn bá ní òun ò mọ̀ nípa ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi béèrè pé ibo lẹrù dé. "Ó wà lọ́nà" ni gbogbo wọn máa sọ, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ já wọn nírọ́. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: "Ọwọ́ ta ló wà báyìí? Kí lorúkọ ẹ̀? Nọ́ńbà ẹ̀ ńkọ́?" Ẹni tí kò bá ti rí ìyẹn dáhùn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí.

Gáréèjì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé, torí ibẹ̀ lèyí tó pọ̀ jù nínú wa ń fi ẹrù gbà. Wéébíìlì gáréèjì yá, owó ẹ̀ ò sì wọ́n. Àmọ́ ìwé tí wọ́n ń kọ níbẹ̀, bó bá tiẹ̀ wà rárá, orúkọ àti iye owó ló máa ń wà nínú ẹ̀. Nígbà kan tí mo fi aṣọ ẹbí ránṣẹ́ sí oníbàárà mi kan, a dé gáréèjì l'Ékòó, ọkùnrin tó wà nídìí ẹrù sì ní, "Mọ̀mí, ẹni tó ni ín ti wá gbé e láàárọ̀." Mo ní ta ni? Ó ṣí ìwé ẹ̀, ó nawọ́ sí ìlà kan: "Ìyá Ṣeun, aṣọ." Ìyá Ṣeun loníbàárà mi náà ń jẹ́. Àpò Ghana-must-go kan ṣì wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì níbẹ̀, àwọ̀ kan náà pẹ̀lú tèmi, ńlá kan náà, òjò sì ti fọ máákà tó wà lára ẹ̀ tó fi jẹ́ pé "Ìyá" nìkan lèèyàn lè kà. A ṣí i, aṣọ àwọn ọmọdé ló wà níbẹ̀. Ìyá Ṣeun mìíràn ti gbé tiwa lọ.

Ohun tó yọ wá kì í ṣe ariwo. Kí àpò yẹn tó wọ inú bùùtù n'Íbàdàn, wọ́n ti yà á ní fọ́tò fún mi: nọ́ńbà ọkọ̀ hàn, okùn pupa tí mo so mọ́ etí àpò náà sì hàn kedere. Ọ̀gá gáréèjì wo fọ́tò yẹn, ó dákẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ inú ìwé ẹ̀. Ìyá Ṣeun kejì wà ní Ṣómólú, kò tíì tú àpò náà rárá. Wọ́n gbé e padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ká ní kò sí fọ́tò, ì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi àti ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin yẹn nìkan ló máa wà nílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ nìkan ránṣẹ́ ní gáréèjì, pàápàá irú orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń jẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á àti tiyín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ sì fi sẹ́lótéèpù bo ohun tẹ́ ẹ kọ, kí omi má bàa pa á rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ kì í bọ inú àpò náà, sórí aṣọ gan-an, torí bí ara àpò bá tiẹ̀ ya tàbí tí máákà bá parẹ́, ẹni tó bá tú u á mọ ẹni tó yẹ kóun pè. Ẹ so nǹkan kan tí ojú ò lè ṣì mọ̀ mọ́ ọn lára. Kẹ́ ẹ sì bá ẹni tó máa gbà á mú nọ́ńbà àṣírí kan tó gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó gbé ẹrù lé e lọ́wọ́. Àwọn ará gáréèjì kì í bínú sí ìyẹn. Ó ń gba àwọn náà lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì l'Ékòó kọjá bẹ́ẹ̀. Orúkọ òpópónà kan náà lè wà ní àdúgbò bíi mélòó kan, nọ́ńbà ilé ò sì fìgbà gbogbo tẹ̀ léra. Lóòótọ́, Nàìjíríà ní nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ oníhòrò mẹ́fà. Ti Èkó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, ti Ìbàdàn pẹ̀lú 20. Mo máa ń kọ ọ́ bí ẹrù bá máa gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá, àmọ́ n kò tíì rí dispatch tó ń wò ó. Ohun tí wọ́n ń wá ni ohun tójú lè rí: ilé epo tó wà ní ìkóríta, mọ́ṣáláṣí tó dojú kọ ilé, àwọ̀ géètì. Kí oníbàárà fi ibi tó wà gan-an ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó sì fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ̀nà téèyàn á gbà dé ibẹ̀. Ẹ má bá a kọ ọ́.

Ìyẹn ló gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú jù lọ, ìyẹn kí ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sójú ìkànnì wọn pé wọ́n ti fi ẹrù jíṣẹ́ nígbà tí kò dé. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà mi kan ní Lẹ́kkí. Àwọn tó ń gbé fóònù ní ilé iṣẹ́ náà kàn ń tún un sọ ni pé lójú àwọn, iṣẹ́ ti parí. Mi ò bá wọn jà. Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó gbà á, aago tó gbà á, àti ìwé tó fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí ìwé náà dé, ìfọwọ́sí mẹ́gáàdì ló wà níbẹ̀, èyí tó yani lẹ́nu ni pé ẹ́sítéètì míì ni mẹ́gáàdì náà ti ń ṣiṣẹ́. Páálí yẹn wà lẹ́yìn àga ẹ̀ níbi tó ti ń ṣọ́ géètì, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ẹ má gbà pé "ti dé" jẹ́ ìdáhùn. Ẹ béèrè ẹni tó gbà á.

Mo fẹ́ gbè sẹ́yìn àwọn ọlọ́kadà díẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba owó lórí iye ibi tí wọ́n bá já ẹrù sí, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fẹ́ dúró pẹ́ lẹ́nu géètì. Ẹni tí kò gbé fóònù nígbà tí wọ́n pè é ló máa ń fa ìdádúró tó pọ̀ jù. Ẹ sọ fún oníbàárà pé nọ́ńbà tí kò mọ̀ máa pè é lónìí, kó sì gbé e.

Ní ti àkókò, ẹ má fi ẹrù ìnáwó sójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí èrò tó ń lọ sáwọn ibùdó àdúrà tó wà lọ́nà yẹn pọ̀. Ọ̀nà náà ò ju nǹkan bíi kìlómítà 127 lọ, àmọ́ mo ti rí i tó jẹ́ ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Oṣù Kejìlá àti ọ̀sẹ̀ Iléyá náà nìyẹn. Ọjọ́ tí mo máa ń sọ fún oníbàárà pé aṣọ máa dé, ó máa ń ṣáájú ìnáwó dáadáa, mi ò sì ń gba iṣẹ́ tí ọjọ́ ẹ̀ bá ti há jù, bó ti wù kí owó ẹ̀ pọ̀ tó.

Ti òkè òkun ní òfin tiẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gba ilé ìfìwéránṣẹ́ fi ránṣẹ́, nọ́ńbà tí wọ́n máa fún yín máa ní lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, àti lẹ́tà méjì míì tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí ẹrù ti kúrò. NG ni tiwa. Gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́ lágbàáyé ló ń lo irú nọ́ńbà yìí, torí náà bí ẹrù bá ti kúrò ní Nàìjíríà, ẹ gbé nọ́ńbà kan náà lọ sí ìkànnì ti ilẹ̀ tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni tibí á dákẹ́ nígbà tí tọ̀hún ti ń sọ pé owó ibodè ló dá a dúró. Owó ibodè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré mọ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà ti fòpin sí àǹfààní tó jẹ́ kí ẹrù tí kò ju dọ́là 800 lọ máa wọlé láìsan owó ibodè. Kí oníbàárà yín tó wà lọ́hùn-ún mọ̀ pé wọ́n lè ní kó sanwó, kó tó di pé páálí ti dúró sọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè.

Èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi kágò nínú ọkọ̀ òfuurufú, àdéhùn Montreal tọdún 1999, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú, ló máa ń dé e. Àdéhùn yẹn ò wo iye tẹ́ ẹ rà á, ìwọ̀n kílò ló ń wò. Láti òpin ọdún 2024, ohun tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san ni SDR 26 lórí kílò kan. SDR ni òṣùwọ̀n owó tí àjọ IMF ń lò, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì fi díẹ̀ ju dọ́là kan lọ. Aṣọ òkè fúyẹ́, owó ẹ̀ ló wúwo. Agbádá àti gèlè tó jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye náírà lè má wọn ju kílò mẹ́ta lọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n san iye tó jẹ́, ẹ sọ iye ẹ̀ fún wọn lákọsílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé e fún wọn, kẹ́ ẹ sì san èlé tí wọ́n bá bù lé e. Bó bá bàjẹ́, ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn láàárín ọjọ́ 14 tí ẹ gbà á. Bó bá pẹ́, láàárín ọjọ́ 21. Ẹ̀sùn orí fóònù ò sí nínú òfin yẹn, ìwé ni wọ́n ń kà.

Nílé níbí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, orúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín, iye tó jẹ́, ríṣíìtì ahunṣọ, iye tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n san, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ dá fún wọn. NIPOST, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba, ló ń fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù kiri níwèé àṣẹ, ẹ sì lè fẹjọ́ àwọn ilé iṣẹ́ náà sun NIPOST. Àjọ FCCPC wà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà. L'Ékòó, ilé ẹjọ́ májísíréètì tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké wà láti ọdún 2018 fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, àkọsílẹ̀ àdéhùn iye owó sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà bíi tèmi, bí ẹrù bá pẹ́, ẹ pe oníbàárà kó tó pè yín. Èrò tèmi ni pé ọrùn ẹni tó tà á lẹrù wà títí á fi tẹ ẹni tó rà á lọ́wọ́, torí oníbàárà kọ́ ló yan ẹni tó gbé e. Àmọ́ bó bá jẹ́ òun ló rán dispatch tiẹ̀ wá, láti ọwọ́ yẹn lọ, tiẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó wà nínú WhatsApp kí owó tó wọlé.

Aṣọ ìyàwó àti ti ọkọ ìyàwó ni mo yà sọ́tọ̀. Wọn kì í bá aṣọ ẹbí wọ àpò kan náà, wọn kì í sì í gba wéébíìlì. Èèyàn ni mo ń rán, á gbé e lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ títí á fi dé ilé wọn. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ ẹ̀ wà nínú iye tí mo pè látìbẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí iṣẹ́.