Gbígbé Òrùlé Ilé Ìdáná Ẹ̀yìnkùlé Sókè: Àkọsílẹ̀ Oṣù Mẹ́ta

Ọjọ́ 9, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ní ọdún 1987 ni bàbá mi fi ilé ìdáná yìí kún ẹ̀yìn ilé wa ní Òṣogbo, búlọ́ọ̀kù 6 ínǹsì ni wọ́n sì fi mọ ọ́n. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Òrùlé rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri ilé ńlá, ó sì dà sí ìhà àgbàlá. Lọ́dọ̀ ilé ńlá, igi tí ó gbé òrùlé náà wà ní ẹsẹ̀ bàtà 9 àti ínǹsì 8; ní ìhà àgbàlá, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹsì 8 péré ni. Ẹni tí ó bá ga díẹ̀ ní láti tẹ̀ba kí ó tó wọlé, bí oòrùn ọ̀sán bá sì mú, ooru páànù a lé màmá jáde tàdógántàdógán. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kan àga àti tábìlì, ṣùgbọ́n n kò tíì fọwọ́ kan òrùlé rí. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà parí kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Ọjọ́ 16, oṣù Ṣẹ́rẹ́

A tú páànù àtijọ́ sílẹ̀. Nínú ráfítà méje (àwọn igi tí ó dà láti ilé ńlá wá sí ìhà àgbàlá) tí ó wà níbẹ̀, ikán ti jẹ inú mẹ́rin tán pátápátá, bẹ́ẹ̀ ojú wọn ṣì ń dán. Orí ògiri pẹ̀lú ti rọ̀ débi pé mo lè fi ìka gbẹ́ ẹ. Mo gé gbogbo ohun tí ó rọ̀ kúrò títí mo fi kan búlọ́ọ̀kù tí ó le.

Ọjọ́ 24, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo ṣe àṣìṣe ńlá lónìí. Ohun tí mo ti ṣètò ni pé kí n gbé ìhà àgbàlá sókè ní ínǹsì 18, kí n sì gbé ìhà ilé ńlá ní ínǹsì 6, nítorí pé bí a bá gbé ìsàlẹ̀ nìkan, ńṣe ni òrùlé yóò máa tẹ́jú lọ, omi kò sì ní tètè ṣàn. Pákó tí ó bo abẹ́ etí òrùlé ilé ńlá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10 àti ínǹsì 6. Igi tèmi yóò wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10 àti ínǹsì 2, mo sì rò pé àyè ṣì kù. Mo gbàgbé pé ráfítà yóò gba ínǹsì 4 lórí igi náà, pọ́líìnì (igi ìdábùú tí a ń kan páànù mọ́) ínǹsì 2, páànù fúnra rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínǹsì 1. Bàbá káfíńtà wo inú ìwé mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀yin fẹ́ fi orí páànù gún ilé ńlá níkùn ni."

Nítorí náà, ìhà ilé ńlá dúró síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, òrùlé ń dà ní ínǹsì 3 lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí, ìdajì ìyẹn ló kù. Kò burú, ṣùgbọ́n kò fàyè gba páànù kúkúrú tí a ń to lé ara wọn, nítorí ojú ìsopọ̀ wọn ni ìjì yóò ti máa ti omi padà wọlé. Páànù alumíníọ̀mù gígùn ni mo wá ní kí wọ́n gé fún mi, ẹsẹ̀ bàtà 14 láìní ìsopọ̀, kí ó lè yọ jáde dáadáa lórí ògiri iwájú. Owó rẹ̀ dùn mí.

Ọjọ́ 7, oṣù Èrèlè

Ìlà búlọ́ọ̀kù kan (ínǹsì 10 pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì rẹ̀) àti líńtẹ́lì (kọnkéré onírin tí ó gba orí ògiri kọjá) ínǹsì 8 ni ó di ínǹsì 18 náà. Rọ́bà tí a rọ omi sí ni bíríkìlà fi wo bóyá igun méjèèjì dọ́gba. Ọ̀pá irin 12mm mẹ́rin ni a tò sínú líńtẹ́lì, a sì yí i wọ ògiri ẹ̀gbẹ́ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta mẹ́ta kí ògiri iwájú má baà dá dúró. Sìmẹ́ǹtì kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin ni a fi po kọnkéré rẹ̀. Kí ó tó gbẹ, mo ri irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin mẹ́rin, èyí tí a óò fi di igi orí ògiri mọ́lẹ̀. Òrùlé tí ó tẹ́jú ni ìjì máa ń fẹ́ gbé, ìṣó nìkan kò sì tó o. Ọjọ́ méje ni mo fi ń bu omi lé e láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọjọ́ 28, oṣù Èrèlè

Ráfítà tuntun ti wà lókè, mo sì fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kun wọ́n lẹ́ẹ̀mejì nítorí ikán. Páànù gorí wọn láàárín wákàtí mẹ́ta. Àwọn búlọ́ọ̀kù tí a gé ní ìdagẹ̀rẹ̀ láti dí ògiri ẹ̀gbẹ́ ló gba àkókò jù. Ọjọ́ méjì gbáko ni.

Ọjọ́ 19, oṣù Ẹrẹ̀nà

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóru. Inú ilé ìdáná gbẹ, àfi ibi kan lábẹ́ etí ilé ńlá. Nígbà tí mo gun àkàbà, mo rí i pé ìṣó kọ́ ló fà á: gbogbo ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé ńlá ló ń já sórí páànù tuntun, ó sì ń ta sókè bá ògiri. Òrùlé àtijọ́ tí ó dà gan-an máa ń yára gbé omi yẹn lọ. Tuntun kò lè yára tó bẹ́ẹ̀. Gọ́tà ẹsẹ̀ bàtà 18 ni mo máa so mọ́ etí ilé ńlá lọ́jọ́ Sátidé, kí omi rẹ̀ gba igun ilé lọ sínú àgbá. Màmá ti gbé àdógán wọlé padà, wọn kò dúró de síìlìnì.