Kí A Tó Sin Gbèsè

Ọjọ́ 31, oṣù Kẹ́ta

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún parí lónìí. Irú ọjọ́ báyìí ni akápò ilé alájà tí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní onílé tirẹ̀ l'Ékòó máa ń ṣí ìwé, láti wo ẹni tí kò tíì san service charge, ìyẹn owó ìtọ́jú ilé tí gbogbo onílé jọ ń dá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí a kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé gbèsè ni kí a tó sin ín.

Ìjà tó pọ̀ jù kì í ṣe ti àìlówó. Owó á wọ báǹkì láti àkáǹtì ọmọ onílé kan tó wà ní London, kò ní sí nọ́ńbà fúláàtì nínú àlàyé rẹ̀, akápò ò sì ní mọ ibi tí yóò kọ ọ́ sí. Bó bá wá kọ lẹ́tà gbèsè sí ẹni tó ti sanwó, ojú onítọ̀hún ti kúrò lára ẹgbẹ́ àwọn onílé nìyẹn. Kí owó tí a kò mọ olówó rẹ̀ ní ojú ìwé tirẹ̀, kí a wádìí rẹ̀ tán kí lẹ́tà kankan tó jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìránnilétí lórí WhatsApp, kò sì gbọdọ̀ gùn: “Ẹ kú ilé o, mà. Owó fúláàtì 6 láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹ́ta jẹ́ ₦150,000. ₦60,000 wọlé ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Ó ku ₦90,000. Bí ẹ bá ti san án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́.” Ẹni tó jẹ owó nìkan ni kí a fi í ránṣẹ́ sí o. Ẹni tí a bá dárúkọ nínú gúrúùpù kì í sanwó, ńṣe ló ń jáde.

Nínú àwọn owó tí a jọ ń dá, owó díísù jẹnẹrétọ̀ ló ń dá ọ̀ràn sílẹ̀ jù. Ẹni tó rìnrìn àjò fún oṣù méjì kò ní gbà láé kí òun pín owó díísù dọ́gba pẹ̀lú ẹni tó ń tan ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta mọ́jú, ó sì jàre. Kí owó ọdẹ, agbálẹ̀ àti àtúnṣe ẹ̀rọ omi jẹ́ ọgbọọgba; kí mítà fúláàtì kọ̀ọ̀kan sọ iye díísù tirẹ̀.

Gbèsè tó ti di ₦600,000 kò rọrùn láti san lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí oṣù mẹ́fà: ₦100,000 lóṣù, pẹ̀lú ₦50,000 ti oṣù tó ń lọ. Ti oṣù tó ń lọ yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé; gbèsè àtijọ́ ń tán, tuntun ń hù. Kí ẹni náà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, nítorí ìwé yẹn ni ẹ̀rí pé ó gbà pé òun jẹ owó.

Títi géètì mọ́ onígbèsè kò dára rárá. Ilé rẹ̀ ni, iná tí ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ń fún un kì í sì í ṣe ti ẹgbẹ́ láti gé. Iná jẹnẹrétọ̀ nìkan ni a lè dá dúró, bí ìwé àdéhùn àwọn onílé bá sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀bẹ̀ àti àdéhùn bá já sí asán, kóòtù Small Claims ti Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018, wà fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Lẹ́tà tí a fi béèrè owó, Form SCA 1, ló ń ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò lè pẹjọ́ lórúkọ ara rẹ̀. Kí akọ̀wé tètè parí ìyẹn.