Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìdíje róbọ́ọ̀tì: ẹ dán an wò kí ẹ tó gbé e lọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdírì ní Èkìtì, pàápàá ẹ̀yin tí tíṣà yín ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ máa lọ díje nínú FIRST LEGO League, ìyẹn ìdíje tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń fi LEGO, ike ìṣeré tí wọ́n ń so pọ̀, ṣe róbọ́ọ̀tì tó ń dá ṣiṣẹ́ lórí tábìlì láti gba máàkì, tí wọ́n sì tún ń ṣe ìwádìí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín, torí ó wù mí gan-an kí wọ́n máa pe orúkọ ọmọ Èkìtì níbẹ̀. Èmi ni mo ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí róbọ́ọ̀tì ń tẹ̀lé, fún tíìmù wa ní Adó, lọ́dún tí wọ́n gbé e karí ọ̀rọ̀ iná àti agbára, SUPERPOWERED ni wọ́n pè é, 2022 sí 2023.

Ìṣẹ́jú 2 ààbọ̀ péré ni róbọ́ọ̀tì ní lórí tábìlì, kò sì sí rìmóòtù kankan o, ohun tí ẹ bá ti kọ sínú ẹ̀ náà ló máa ṣe. Tó bá lọ há síbì kan tí ẹ lọ fọwọ́ gbé e níta ibi tó ti ń gbéra, rẹfirí á mú ọ̀kan nínú tókìnnì 6, àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n fún yín níbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ tí 5 tàbí 6 bá ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí aago bá dún, máàkì 50 nìyẹn lórí èyí tí róbọ́ọ̀tì ti gbà. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyí pé iṣẹ́ díẹ̀ tó máa ń bọ́ sí i ní gbogbo ìgbà dáa ju iṣẹ́ rẹpẹtẹ tó jẹ́ pé bóyá ló máa ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ máa ṣe é, èyí tó ga jù nínú ẹ̀ ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ fún yín.

Ẹ ṣọ́ bátìrì. Tẹ́ ẹ bá sọ fún mọ́tọ̀ pé kó ṣáà máa lọ fún sékọ́ǹdù 3, ibi tó máa dé nígbà tí bátìrì bá kún lè yàtọ̀ sí ibi tó máa dé nígbà tó bá ti ń lọ sílẹ̀, torí náà iye ìgbà tí táyà yí ni kí ẹ máa fi wọn ìrìn ẹ̀. Ẹ sì mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa, nígbà míì ilé ẹni tó ní sólà la máa ń gbé e lọ láti chájì, kò burú, ẹ ṣáà jẹ́ kó kún kí ẹ tó dé orí tábìlì. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tí róbọ́ọ̀tì fi ń mọ ohun tó yí i ká, èyí tó ń wo àwọ̀ nínú wọn, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kíláàsì yín kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ gbọ̀ngán tí ẹ ń lọ, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó wo funfun àti dúdú lórí tábìlì ibẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ìgbà tí róbọ́ọ̀tì yà, ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, tí ẹ bá ń mì ín jìgìjìgì kò ní mọ ibi tó kọjú sí. Ẹ máa nu táyà o, eruku máa ń jẹ́ kó yọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù láti sọ kì í ṣe ti róbọ́ọ̀tì rárá. Ohun 4 ni wọ́n ń wò, ìyẹn máàkì orí tábìlì, bí ẹ ṣe ṣe róbọ́ọ̀tì yín, iṣẹ́ ìwádìí yín, àti ìwà yín sí ara yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì tó ìdá 25 nínú 100, ọ̀pọ̀ tíìmù ò sì ka ìwádìí yẹn sí. Tiwa dá lórí bí wọ́n ṣe ń sá kòkó. A ti ya àwòrán àpótí kan tó máa fi oòrùn gbẹ kòkó kíákíá, inú wa ń dùn sí i, àfi ìgbà tí a gbé e lọ bá bàbá kan tó ń gbin kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjerò. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun, òjò ń dà wá láàmú lóòótọ́ lásìkò tí a bá ń ká a, tí kò bá sì gbẹ ó máa bu, tí a bá fi iná igi yan án èéfín á wọ inú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó tètè gbẹ jù o, tí èèpo bá ti gbẹ kankan, kíkan inú ẹ̀ ò ní ráyè jáde mọ́. Kò sí èyíkéyìí nínú wa tó ronú kan ìyẹn! La bá padà lọ ṣí ojú atẹ́gùn sí ìsàlẹ̀ àti òkè àpótí náà kí ooru ẹ̀ lè rọra ṣe é.

Nígbà tí a dé Èkó fún ìdíje náà, adájọ́ kan bi wá pé kí ló dé tí a ò jẹ́ kó gbóná jù báyìí lọ. Ẹni tó kéré jù nínú wa, ọmọ JSS 2, ló dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ bàbá gan-an ló sọ, ara àwọn adájọ́ sì wálẹ̀ láti gbọ́ ọ. Torí náà ẹ jẹ́ kí gbogbo yín mọ iṣẹ́ náà, kó má jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo lá máa sọ̀rọ̀. Ẹ wá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn lóòótọ́, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ bá wọn sọ èdè wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú iṣẹ́ yín wò.

Ẹ̀yin tí iléèwé yín ò ní tábìlì, ẹ má tìtorí ẹ̀ jókòó. Páálí plywood 1, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 tí wọ́n ń tà lọ́jà, ìwọ̀n tábìlì ìdíje náà nìyẹn. Ẹ gbé e fún kápẹ́ńtà àdúgbò yín, ẹ ní kó kan igi sí etí ẹ̀ yíká, kí igi yẹn tọ́ dáadáa, torí ara ẹ̀ ni róbọ́ọ̀tì á máa fi ẹ̀yìn tì kó tó mọ̀ pé òun dúró gbọọrọ.