Ọjọ́rú ní Erékùṣù Fernandina

Òru ni ọkọ̀ wa rìn, nígbà tí mo sì jáde síta ní aago mẹ́fà àárọ̀, òkè ayọnáyèéfín Fernandina ti dúró níwájú wa, ó dúdú láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìkùukùu sì bo orí rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin wa nìyí ní Galápagos, àwọn erékùṣù orílẹ̀-èdè Ecuador tí wọ́n jìnnà sí èbúté rẹ̀ tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Owó ìwọlé ibẹ̀ nìkan, 200 dọ́là fún àlejò bíi tiwa, fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n padà sí Houston láti pápákọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ owó mọ́ lónìí.

Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní panga ni ó gbé wa dé Punta Espinoza. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, amọ̀nà wa tún òfin sọ fún wa: kí a má ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí, kí a má ṣe fọwọ́ kan ẹranko kankan, kí àlàfo mítà méjì sì máa wà láàárín àwa àti wọn. Mo ti gbé ẹsẹ̀ láti tẹ àpáta kan nígbà tí ó fà mí lápá. Ohun tí mo pè ní àpáta ń mí.

Alángbá ni, bí a bá lè pe ohun tó gùn ju apá mi lọ, tó sì to ẹ̀gún sí ẹ̀yìn láti orí dé ìrù, ní alángbá. Àìmọye wọn ni ó gun ara wọn lórí, tí gbogbo wọn kọjú sí ibi kan náà tí wọ́n ń yá oòrùn, nítorí pé inú òkun ni wọ́n ti ń jẹun, omi ibẹ̀ sì tutù. Kò sí alángbá mìíràn láyé tó ń wá oúnjẹ nínú òkun. Iyọ̀ tó bá bá oúnjẹ wọlé, imú ni wọ́n fi ń sín in jáde. Ọ̀kan sín sí mi ní bàtà, nígbà tí ó sì gbẹ, ẹ̀fun iyọ̀ ló kù níbẹ̀. Akọ kan wà lórí òkúta lọ́tọ̀, ó ń mi orí sókè sódò. Alángbá ilé wa tó já láti orí ìrókò ní bí ẹnikẹ́ni kò bá yin òun, òun yóò yin ara òun. Eléyìí kò já láti ibì kankan, ìrókò kò sí ní gbogbo erékùṣù náà, ó sì ń yin ara rẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí Charles Darwin, onímọ̀ ẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé àwọn erékùṣù yìí ní 1835, ó mú ọ̀kan nínú wọn, ó jù ú sómi léraléra, ẹran náà sì ń wẹ̀ padà tààrà sí ibi tí Darwin dúró sí. Ó rò pé bóyá inú omi ni ẹran náà mọ ọ̀tá sí, tí ó sì gbà pé ààbò wà lórí ilẹ̀. Mo rò ó títí: ẹni tó ń jù ú ni ó ń sá tọ̀ lọ.

Aago mọ́kànlá ni a wọ aṣọ rọ́bà. Ìṣàn omi tútù kan ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ lábẹ́ òkun, ó ń kọlu ìdí Fernandina, ó sì ń ru sókè pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹja ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dá fi pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn náà tí eyín mi fi ń gbọ̀n. Ìyá mi máa ń sọ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, gbólóhùn náà sì ń dún létí mi bí mo ṣe jókòó sí etí panga. Amọ̀nà ní kí n tutọ́ sínú awò ojú mi, kí n fi ìka rà á, kí ìrì má baà bo ó. Mo tutọ́, mo di ọ̀pá ìmí mọ́ ẹnu, mo sì bọ́ sómi.

Ìjàpá òkun mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ rí, wọ́n ń já ewéko jẹ lára àpáta bí ewúrẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni alángbá kan ti fi èékánná di àpáta mú, tí ìgbì ń gbé ara rẹ̀ lọ tí ó ń gbé e bọ̀, tí ó sì yí ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ láti ha ewéko. Ẹyẹ cormorant kan fi ẹsẹ̀ wa omi kọjá lábẹ́ ikùn mi. Fernandina àti Isabela, erékùṣù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nìkan ni irú rẹ̀ wà. Ìyẹ́ apá rẹ̀ ti kúrú débi pé kò lè fò mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ẹran tí wọ́n ń pè ní kìnnìún òkun kan wá dojú kọ mí, ó fẹ́ èéfóòfó sí awò mi lójú, mo bú sẹ́rìn-ín, omi iyọ̀ sì rọ́ wọ ọ̀nà ọ̀fun mi.

“Ìyá Ìbejì, ṣé o rí i?” ni ọkọ mi ń pariwo.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ n mí ná!”

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ìjàpá tí mo mọ̀ ní kékeré ni èyí tí wọ́n dá dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yìn ní ọjà Olúwo, tó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ tí kò rí, alángbá tí mo mọ̀ sì ni èyí tí a sọ lókò kó tó sá tán. N kò rò ó rí pé ohun tí ẹran ń sá fún ni àwa. Lónìí, ìjàpá tó wà lábẹ́ mi gbé orí, ó wò mí, ó sì tún ki orí bọ ewéko rẹ̀, n kò sì mọ ohun tí mo lè fi ara mi ṣe.

Ní alẹ́, mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi, ó sì pè mí kíákíá.

“Ó tóbi tó báyìí, ẹ ò sì mú un?”

“Òfin ò gbà á, mà.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Nígbà tó rí yín, ṣé kò sá ni?”

“Kò sá, mà.”

“Kò sá kẹ̀?”